Èéfín pàǹtí ń da màmá mi láàmú, ṣé kí n fún wọn ní epo pupa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Màmá mi ti lé ní 65, ó ju 30 ọdún lọ tí wọ́n fi yan gàrí nídìí iná igi, dókítà wá ní COPD, àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí kì í jẹ́ kéèyàn rí èémí mí dáadáa, ló ń ṣe wọ́n. Ìbàdàn la wà. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé báyìí, àwọn ará ẹ̀yìnkùlé wa á máa sun pàǹtí, àwọn míì á tún tiná bọ igbó, àyà màmá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo máa ń rẹ áńkáṣíìfù sómi kí wọ́n fi bo imú, àbúrò mi ní epo pupa ni ká fún wọn mu. Èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ẹ jẹ́ ká ti orí epo yẹn bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ epo sẹ́nu ẹni tí ò rí èémí mí, ó lè gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró lọ, wàhálà míì nìyẹn. Mílíìkì táwọn kan máa ń mu nítorí èéfín náà ò ṣe nǹkan kan, ikùn ló ń lọ, àyà sì ni èéfín wà.

Áńkáṣíìfù ńkọ́? Èérún inú èéfín tó ń ṣe jàǹbá yẹn kéré débi pé ẹ máa to bíi 30 síra kó tó fẹ̀ tó fọ́nrán irun orí kan, aṣọ wo ló fẹ́ dá ìyẹn dúró? Ìbòmú N95 ló lè ṣe é, èyí tó ní rọ́bà méjì tó sì lẹ̀ mọ́ ojú pinpin. Àmọ́ kì í rọrùn fún alárùn ẹ̀dọ̀fóró láti mí nínú ẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó dán an wò, tí kò bá jẹ́ kí wọ́n rí èémí mí dáadáa kí wọ́n yọ ọ́.

Kí wọ́n jìnnà sí i ló dáa jù. Fèrèsé louvre kì í pa dé tán, ẹ lọ fi wọ́n sí yàrá tó kọ ẹ̀yìn sí ibi tí iná wà, kẹ́ẹ ta aṣọ tó nípọn sójú fèrèsé. Àárọ̀ kùtù nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ ni èéfín máa ń rà mọ́, kí oòrùn yọ dáadáa kí wọ́n tó jáde rìn. Ẹ má sì tan kọ́ìlì ẹ̀fọn nínú yàrá yẹn o, èérún tí ẹyọ kan ń tú jáde ju ti sìgá 70 lọ, nẹ́ẹ̀tì ni kí wọ́n sùn sí.

Ínhélà, oògùn tí wọ́n ń fà sínú àyà, wá nìyí. Màmá kan gbé tiwọn wá bá mi lọ́jọ́ kan, inú páálí ló wà, páálí wà nínú ọ̀rá, wọ́n tún fi rọ́bà dì í, wọ́n ní ó wọ́n, àwọn ò fẹ́ kó tètè tán! Èyí tí wọ́n ń fà lójoojúmọ́, kí wọ́n máa fà á bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara le, èyí tó wà fún pàjáwìrì, salbutamol, kó wà ní àpò wọn, kì í ṣe inú wọ́dróòbù.

Tí wọn ò bá lè parí gbólóhùn kan láì mí hẹlẹ, tí inú ètè tàbí ahọ́n bá ń ṣe bí aró, tí ọ̀rọ̀ wọn ń dàrú, tàbí tí wọ́n fa salbutamol tí kò gbà, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ọsibítù ni.

Ti àwọn ará ẹ̀yìnkùlé, ẹ má bá wọn jà, ẹ mú màmá dání lọ kí wọn, kí wọ́n fetí ara wọn gbọ́ bí àyà yẹn ṣe ń dún. Ẹ gba nọ́ńbà wọn, kí wọ́n máa pè yín lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí màmá ti wà lọ́dọ̀ àbúrò yín olóògùn epo yẹn kí wọ́n tó ṣáná.