Ìbéèrè Yín: Páúdà Ashwagandha yìí ń rùn o, ṣé kò tíì bàjẹ́?

*Ẹ kú iṣẹ́ o, olótùú wa. Ọ̀rẹ́ mi tó ń kàwé ní Íńdíà fi páúdà gbòǹgbò ashwagandha ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n máa mu ún lálẹ́ torí mi ò kì í rí oorun sùn. Mo ṣí i báyìí, òórùn yẹn ò bára dé! Ṣé kò tíì bàjẹ́? Mo sì ń lo oògùn thyroid (ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn) o, ṣé mo lè lò wọ́n pọ̀?*

Kò bàjẹ́ jàre, bó ṣe ń rùn nìyẹn. Lédè Sanskrit, ìyẹn èdè àtijọ́ àwọn ará Íńdíà, "ashva" ni ẹṣin, "gandha" ni òórùn, orúkọ ẹ̀ ti tú u fó. Àwọn kan tún ní ẹni tó bá mu ún á lágbára bí ẹṣin, àmọ́ ìyẹn, ẹnu àwọn tó ń tà á ló dùn ún gbọ́ jù.

Mọ̀lẹ́bí ata àti tòmátò ni. Àgbègbè Neemuch àti Mandsaur ní ìpínlẹ̀ Madhya Pradesh ní Íńdíà ni wọ́n ti ń gbìn ín gan-an, tó bá gbó wọ́n á hú u, wọ́n á gé gbòǹgbò ẹ̀, wọ́n á sá a, wọ́n á wá lọ̀ ọ́. Àwọn oníṣègùn Ayurveda, ìyẹn ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà, máa ń pò ó mọ́ mílíìkì gbígbóná tàbí oyin, oògùn tó ń sọ ara dọ̀tun ni wọ́n kà á sí. Ti oorun yẹn, àwọn ìwádìí kéékèèké kan ti rí i pé ó ń ṣèrànwọ́ díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe alẹ́ ọjọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ thyroid yín gan-an ló ká mi lára. Ashwagandha lè mú kí omi ara tí thyroid ń ṣe pọ̀ sí i, tẹ́ ẹ bá wá fi kún oògùn tẹ́ ẹ ti ń lò, ó lè kọjá bó ṣe yẹ, àyà á wá máa já yín, ọwọ́ á máa gbọ̀n, oorun tẹ́ ẹ ń wá náà á tún sá lọ pátápátá. Aláboyún ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án rárá. Ó sì ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀, ẹni tójú ẹ̀ bá ti ń pọ́n bí pupa ẹyin kó yáa dáwọ́ dúró. Lọ́dún 2023, orílẹ̀-èdè Denmark fòfin dè é.

Ẹ gbé ike yẹn lọ fún dókítà tó ń kọ oògùn thyroid fún yín, kó ka ohun tó wà lára ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹ má tíì bù ú sí mílíìkì o.