Mo Pààrọ̀ Fáànù CPU, Kọ̀ǹpútà Mi Kò Jí Mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Mo yọ fáànù kékeré tó bá CPU mi (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) wá nínú páálí, mo sì fi òmíràn tó tóbi rọ́pò rẹ̀ nítorí pé ariwo ti àkọ́kọ́ ti sú mi. Láti ìgbà tí mo ti dè é tán, bí mo bá tẹ bọ́tìnnì, gbogbo fáànù ń yí, iná ń tàn, ṣùgbọ́n ojú mọ́nítọ̀ ṣókùnkùn biribiri. Ryzen ti AM4 ni CPU náà (Ryzen ni CPU ilé-iṣẹ́ AMD, AM4 sì ni irú ihò tó ń wọ̀). Ṣé fáànù tuntun yìí ni kò bá motherboard mi (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) mu ni, àbí mo ti ba nǹkan jẹ́?

ÌDÁHÙN: Ó ṣọ̀wọ́n kí fáànù fúnra rẹ̀ jẹ̀bi irú ọ̀ràn báyìí. Bí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ jí ná, á fi ìkìlọ̀ hàn lójú mọ́nítọ̀, tàbí kí ó pa ara rẹ̀ nígbà tí ooru bá pọ̀ jù. Àwọn ohun tí ọwọ́ yín kàn nígbà tí ẹ ń wá àyè fún un ni kí ẹ fura sí.

Bí motherboard yín bá ní àwọn iná tín-ń-tín mẹ́rin tí wọ́n kọ CPU, DRAM, VGA àti BOOT sí lára, ẹ wo èyí tí kò kú nínú wọn kí ẹ tó tú ohunkóhun; ẹ̀yà tí iná náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí (DRAM ni RAM, ìyẹn ìrántí kọ̀ǹpútà; VGA ni graphics card tó ń gbé àwòrán jáde; BOOT ni dísíìkì tí kọ̀ǹpútà fi ń jí). Lẹ́yìn náà, ẹ yọ wáyà kọ̀ǹpútà kúrò lára iná, kí ẹ sì wo wáyà oníhò mẹ́jọ tó ń gbé iná wọ CPU ní igun òkè motherboard. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fà á yọ kí ọwọ́ wọn lè ráyè, wọn a sì gbàgbé rẹ̀ nígbà tí fáànù ńlá bá ti bò ó mọ́lẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ohun tí ẹ ròyìn yìí gan-an ni ẹ ó rí.

RAM ló tẹ̀ lé e: ẹ yọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ ti ẹyọ kan ṣoṣo padà sínú ihò tí ìwé motherboard dárúkọ. Ẹ wò ó bóyá ara graphics card ni wáyà mọ́nítọ̀ wà, nítorí pé ọ̀pọ̀ Ryzen AM4 tí kò ní lẹ́tà G lára orúkọ wọn kò lè gbé àwòrán jáde fúnra wọn.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni AM4 tí ẹ dárúkọ. Abẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ 1,331 ló wà lábẹ́ CPU náà, ìpara tó ń gbé ooru kọjá sì máa ń gan bíi gọ́ọ̀mù tó bá pẹ́, débi pé bí ẹ bá fa fáànù àtijọ́ sókè, CPU lè bá a jáde láìjẹ́ pé ẹ ṣí ìdè rẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí? Bí ẹ bá kàn tì í padà, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́rẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Èyí tó bá tẹ̀, ẹ fi abẹ tín-ín-rín gbé e dìde pẹ̀lú sùúrù. (Kí ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbóná díẹ̀ kí ẹ tó yọ fáànù lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ sì kọ́kọ́ yí i sọ́tùn-ún sósì.)

Bí abẹ́rẹ́ bá pé, ẹ tú fáànù náà, kí ẹ wò ó bóyá irin kan ń kan ẹ̀yìn motherboard níbi tí kò yẹ. Ẹ nu ìpara àtijọ́ nù, ẹ fi tuntun sí i, kí ẹ wá máa de síkúrúù rẹ̀ ní ìdajì ìdajì, láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́, kí ẹ sì dáwọ́ dúró níbi tó bá ti le.