Abẹ́rẹ́ omi fún ológbò tí kíndìnrín rẹ̀ ń kú lọ: ṣé ìyà la fi ń jẹ ẹ́?

ÌBÉÈRÈ

Arábìnrin kan láti Kubwa, ní Àbújá, ló kọ̀wé sí wa báyìí:

"Assalāmu alaykum, Àfáà wa. Ológbò kan wà nílé mi tó ti dàgbà lọ́dọ̀ wa. A ṣàdédé rí i pé ó ń mumi ṣáá, ó ń tọ̀ ṣáá, síbẹ̀ ó ń rù. Dókítà ẹran yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní kíndìnrín rẹ̀ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, kò sì ní padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó kọ́ mi bí n ó ṣe máa fi abẹ́rẹ́ fa omi dírípù sábẹ́ awọ rẹ̀ nílé. Mo máa ń fi aṣọ ìnura wé e, ó sì máa ń ké. Bàbá àwọn ọmọ ní ìná àpà ni, pé àwọn àlìmájìrí ń tọrọ jẹ lẹ́nu ọ̀nà wa. Aládùúgbò kan ní kí n lọ gba abẹ́rẹ́ ikú fún un kó lè sinmi. Òmíràn gbé hàǹtú, omi tí wọ́n fi fọ àyọkà Al-Kùránì kúrò lára wàláà, wá pé kí n dà á sínú dírípù náà. Nígbà mìíràn omi yẹn máa ń ta sí aṣọ mi, tòun ti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ṣé mo lè fi aṣọ náà kírun? Ṣé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ni mò ń kó, Àfáà?"

ÌDÁHÙN

Wa alaykumu s-salām wa rahmatullāhi wa barakātuh. Arábìnrin wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ni ẹ ń kó. Omi ni ẹ ń fún ẹ̀dá tí òùngbẹ ń gbẹ, abẹ́rẹ́ yẹn ló sì kù tí omi náà lè gbà wọlé.

Ẹ rántí hádíìsì tí Abū Hurayrah gbà wá, tó wà nínú Bukhārī àti Muslim. Ọkùnrin kan ń rìn lọ lójú ọ̀nà, òùngbẹ gbẹ ẹ́ gidigidi, ó rí kànga, ó kó sínú rẹ̀, ó mu. Bó ṣe jáde ló rí ajá kan tó yọ ahọ́n síta, tó ń lá erùpẹ̀ tútù nítorí òùngbẹ. Ó ní ohun tó ṣe mí lẹ́ẹ̀kan ló ń ṣe ajá yìí. Ó padà sínú kànga, ó bu omi kún bàtà rẹ̀, ó fi ẹnu gbé bàtà náà gòkè, ó fún ajá mu. Ọlọ́hun mọ rírì iṣẹ́ náà, Ó sì forí jì í. Àwọn sàábé bèèrè pé: ṣé a tún máa ń gba láádá lórí ẹran ni? Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní: láádá ń bẹ lórí gbogbo ohun tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tutù, ìyẹn gbogbo ohun tó ní ẹ̀mí.

Ẹ wá wo ohun tí àìsàn yìí ń ṣe. Kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, òun ló ń da ìdọ̀tí sínú ìtọ̀, òun náà ló sì ń dá omi ara dúró kó má bàa bá ìtọ̀ lọ tán. Tí kíndìnrín ológbò bá ti ń kú lọ, kò lè dá omi dúró mọ́. Ìtọ̀ á kàn máa ṣàn bí omi lásán. Ológbò á máa mu, á tún máa mu, kò ní tó o. Ara rẹ̀ á gbẹ, ìdọ̀tí á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, á máa bì, ẹnu rẹ̀ á máa rùn, oúnjẹ á sú u. Òùngbẹ tí omi inú abọ́ kò lè pa ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń gba abẹ́ awọ fún un lómi. Kò ní wo kíndìnrín náà sàn, ẹ má retí ìyẹn. Ara tó gbẹ ló ń dá omi padà sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Ọkùnrin inú hádíìsì yẹn kò rí igbá, ló fi lo bàtà. Ẹ̀yin náà, ẹnu kò gbé e mọ́, lẹ fi lo abẹ́rẹ́.

Igbe tó ń ké yẹn, mo mọ̀ pé òun ló ń dà yín láàmú jù. Ẹ jẹ́ kó yé yín pé kì í ṣe gbogbo ìrora ni sharia ń pè ní ìyà. Anas (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) gbé àbúrò rẹ̀ jòjòló lọ bá Ànábì pé kó fi dàbínù tọ́ ọ lẹ́nu, ó sì bá Ànábì pẹ̀lú irin ìsàmì lọ́wọ́, tó ń sàmì sára àwọn ràkúnmí sàká. Irin yẹn ń dun ràkúnmí. Ṣùgbọ́n àǹfààní wà níbẹ̀, kí ẹran tálákà má bàa sọnù. Ànábì yìí kan náà rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n sàmì sí lójú, ó sì ṣẹ́bi lé ẹni tó ṣe é. Ìrora tó ní ìdí, tí a sì dín kù débi tó ṣeé dín kù, ìyẹn yàtọ̀ sí ìyà.

Bí a ó ṣe dín in kù náà wà nínú ẹ̀sìn. Shaddād ọmọ Aws gbà á wá, ó wà nínú Muslim, pé Ọlọ́hun ti kọ síṣe dáadáa lé wa lórí nínú gbogbo nǹkan, débi pé ẹni tó fẹ́ dúńbú ẹran, kó pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀, kó sì fún ẹran náà ní ìsinmi. Bí ó bá jẹ́ dandan kí ọ̀bẹ ẹni tó fẹ́ pa ẹran mú, mélòó mélòó wá ni abẹ́rẹ́ ẹni tó fẹ́ mú u láradá! Nítorí náà, abẹ́rẹ́ tuntun ni kí ẹ máa lò nígbà gbogbo. Èyí tó ti wọ awọ lẹ́ẹ̀kan ti kú lẹ́nu, ó sì lè kó àrùn wọlé. Ẹ fi àpò omi náà sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fúngbà díẹ̀, kí ẹ ta díẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ yín wò. Bí kò bá tutù, tí kò sì gbóná lára yín, ó ti dáa. Omi tútù ló sábà máa ń mú kí ológbò fò. Ẹ gbé àpò náà kọ́ sókè, lára ìṣó tàbí fèrèsé. Ẹ fi ìka fa awọ tó wà láàrin èjìká rẹ̀ méjèèjì sókè kó dúró bí àgọ́ Mina, kí ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ ìdí àgọ́ náà, kí ihò ẹnu rẹ̀ kọjú sókè. Ẹ ṣe Bismillāhi, kí ẹ sì máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ibẹ̀ á wú, omi náà sì lè sọ̀ wá sí apá rẹ̀ kan. Ẹ má fòyà, ara á fà á mu láàrin wákàtí bíi mélòó kan.

Ní kẹ́míìsì, ohun tí dókítà kọ gan-an ni kí ẹ rà. Ringer's Lactate ni wọ́n sábà máa ń kọ. Dírípù onísúgà kì í ṣe ti abẹ́ awọ, bí ẹni tó ń tajà bá tilẹ̀ ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ ológbò àgbà ń gbà lẹ́ẹ̀kan wà láàrin 75 sí 150 mìlílítà, àmọ́ dókítà tó gbọ́ àyà rẹ̀ ni kó sọ iye fún yín, nítorí ológbò tí ọkàn rẹ̀ ní àrùn kò lè gba omi púpọ̀. Bí ó bá ń mí gúlegúle lẹ́yìn omi, tàbí tó ń la ẹnu mí, ẹ má fún un mọ́, ẹ gbé e lọ bá dókítà lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tìtorí àánú fún un ní paracetamol. Májèlé ni fún ológbò, èyí tí kò tó nǹkan lè pa á.

Ní ti hàǹtú, a mọyì àyọkà Al-Kùránì, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ dà á sínú dírípù. Omi tó ń lọ sábẹ́ awọ gbọ́dọ̀ mọ́ pátápátá, tàdáà tí wọ́n fi kọ̀wé àti omi wàláà kò sì mọ́ lọ́nà tí abẹ́ awọ fẹ́. Samsam gan-an kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ lé ológbò náà, kí ẹ ka Fātihà, kí ẹ tọrọ ìwòsàn lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ìyẹn tó.

Mo fẹ́ kí bàbá àwọn ọmọ ka ibi tó kàn yìí fúnra wọn. Àwọn náà kò jẹ̀bi, nítorí àánú tálákà ló sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Sùúrà Al-Isrā' sọ pé àwọn aláàpà, ọmọ ìyá èṣù ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ka àyà náà láti òkè, ẹ ó rí i pé ẹ̀tọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀: fún ìbátan ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, àti mẹ̀kúnnù, àti arìnrìnàjò. Àpà ni owó tí a ná síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní ẹ̀tọ́. Ológbò tí a mú sílé ní ẹ̀tọ́ lórí wa. Ìbn Umar gbà wá pé obìnrin kan wọ iná nítorí ológbò tó tì mọ́lé, kò fún un lóúnjẹ, kò sì jẹ́ kó lọ wá kòkòrò ilẹ̀ jẹ. Àwọn onímọ̀ mazhab Mālik, ìyẹn ọ̀nà òye òfin ẹ̀sìn tí à ń tẹ̀ lé ní ilẹ̀ yìí, tilẹ̀ sọ pé bí ológbò bá fọ́jú, tó há sílé ẹnì kan, tí kò lè jáde lọ, bíbọ́ rẹ̀ ti di dandan lórí onílé náà.

Síbẹ̀, n kò ní sọ àsọdùn. Oúnjẹ àti omi ló jẹ́ dandan. Ìtọ́jú àìsàn kò dé ipò yẹn lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ onímọ̀, iṣẹ́ rere ni. Arábìnrin wa, bó bá jẹ́ owó iṣẹ́ ọwọ́ yín ni ẹ fi ń ra dírípù, owó yín ni, láádá yín ni. Bó bá jẹ́ owó oúnjẹ tàbí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, ẹnu ọkọ yín tólẹ̀, ẹ jókòó kí ẹ jọ fìmọ̀ ṣọ̀kan. Bí owó bá sì tán pátá, Ọlọ́hun kò di ẹrù tó ju agbára lọ lé ẹnikẹ́ni. Ẹ máa bu oúnjẹ sínú abọ́ àwọn ọmọ tó ń tọrọ lẹ́nu ọ̀nà náà o.

Abẹ́rẹ́ ikú tí aládùúgbò sọ ńkọ́? Nínú Mukhtaṣar Khalīl, ìwé òfin mazhab Mālik tí àwọn àgbà wa ń kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ààyè wà láti pa ẹran tí a kì í jẹ bí a bá ti sọ ìrètí nù lórí rẹ̀, kó lè bọ́ lọ́wọ́ ìrora. Nítorí náà, n kò sọ pé kò ní tó àkókò láé. Àmọ́ ológbò tó ṣì ń jẹun, tó ṣì ń lá ara rẹ̀, tó ṣì ń wá pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà, ìrètí kò tíì tán lórí rẹ̀. Bí kò bá jẹun mọ́ pẹ̀lú gbogbo omi tí ẹ ń fún un, tó ń bì láìdáwọ́ dúró, tí kò lè dìde mọ́, dókítà ẹran ni kí ẹ pè, kì í ṣe aládùúgbò. Bó bá ní kò sí ọ̀nà mọ́, ẹ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ bí ẹ bá gbà kí wọ́n fi ẹ̀rọ̀ pa á.

Ó ku ti aṣọ. Omi dírípù fúnra rẹ̀ mọ́, omi oníyọ̀ ni. Ara ológbò, irun rẹ̀ àti itọ́ ẹnu rẹ̀ mọ́: Abū Qatādah tẹ kẹ́tù àlùwàlá fún ológbò kó mu, ó ní Ànábì sọ pé kì í ṣe nájíìsì (ohun àìmọ́), ó wà lára àwọn tó ń rìn ká láàrin yín. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni nájíìsì, ṣùgbọ́n èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó owó dírhámù, owó fàdákà àtijọ́, wà lára ohun tí a mójú kúrò lára rẹ̀ nínú mazhab wa. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fọ ojú ibẹ̀. Ìtọ̀ rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò kí ẹ tó kírun. Ẹ̀jẹ̀ kò ba àlùwàlá jẹ́, bí abẹ́rẹ́ náà bá tilẹ̀ gún ẹ̀yin fúnra yín lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ dá a lábàá fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́yàn pé kó ní aṣọ ìrun lọ́tọ̀, mo sì rò pé yóò rọ̀ yín lọ́rùn bí ẹ̀yin náà bá ṣe bẹ́ẹ̀: kí ẹ ya aṣọ kan sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ológbò, kí hìjáábù ìrun yín wà lórí ìkọ́ tirẹ̀.

Allāhu a'lam.