Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Iye Àrùn Jẹjẹrẹ Láti Kántì Dé Kántì Ní Amẹ́ríkà

Lẹ́tà tó pọ̀ ló dé ọwọ́ wa láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tó fi Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé, ohun kan náà ni gbogbo wọn sì ń béèrè: kí ló fà á tí iye àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn lọ́dọọdún pé wọ́n ní àrùn jẹjẹrẹ fi yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti kántì kan sí èkejì? Kántì ni ẹ̀ka ìjọba tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ níbẹ̀, ó sì lé ní 3,100 tó wà káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Iye ti kántì kọ̀ọ̀kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ojú ewé State Cancer Profiles tí National Cancer Institute, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ, àti CDC, àjọ ìjọba tó ń dènà àrùn, jọ ń bójú tó, ibẹ̀ sì ni àwọn òǹkàwé wa ti ka ohun tó dẹ́rù bà wọ́n, tàbí ohun tó mú inú wọn dùn ju bó ti yẹ lọ. Lẹ́tà márùn-ún la mú nínú wọn.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ti gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní ìlà-oòrùn Kentucky. Ọkọ mi wo iye jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ní kántì náà, ó rí i pé ó lé ní 100 nínú 100,000 èèyàn lọ́dún, nígbà tí ti Amẹ́ríkà lápapọ̀ kò ju bí 55 lọ. Ó ní òun kò ní kó àwọn ọmọ òun lọ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń pa èèyàn. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyá ọlọ́mọ méjì, Ohio

Ẹ kú iṣẹ́ ìtọ́jú, ìyá wa. Nọ́ńbà tí ọkọ yín rí kì í ṣe irọ́. Ó ti pẹ́ tí Kentucky ti wà ní iwájú gbogbo ìpínlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, tí Utah sì wà lẹ́yìn pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ya ìpínlẹ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Ọmọ ìjọ Mormon ni àwọn tó pọ̀ jù ní Utah, ìjọ náà sì ka tábà léèwọ̀. Ní Kentucky, ọ̀pọ̀ ìran ló ti fi oko tábà jẹun, iye àwọn tó ń mu sìgá níbẹ̀ sì wà lára èyí tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà. CDC sọ pé nínú àwọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa ní Amẹ́ríkà, bí ìdá 80 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ pé sìgá ló wà nídìí rẹ̀. Àrùn yìí sì máa ń gba ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún kí ó tó fara hàn, nítorí náà iye tí ẹ ń kà lónìí ń ròyìn sìgá tí àwọn èèyàn mu ní ọdún 1990 sí 2000 ju bí ó ṣe ń ròyìn afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọ yín máa mí sínú lọ.

Ó tún yẹ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Kántì tí aláìsàn ń gbé ní ọjọ́ tí àyẹ̀wò fi àrùn náà hàn ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, kì í ṣe kántì tí ilé ìwòsàn wà. Ẹni tó lo ogójì ọdún nínú iléeṣẹ́ ní Detroit, tó wá fi ọjọ́ ogbó rẹ̀ padà sí ìlú rẹ̀ ní Kentucky, Kentucky ni wọ́n máa kà á sí, bí gbogbo sìgá rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ti Michigan.

N kò fẹ́ kí ẹ wá sọ fún ọkọ yín pé ó ń bẹ̀rù lásán, nítorí ohun kan wà ní agbègbè yẹn tó yẹ kí òbí wádìí. Radon ni. Gáàsì tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn ni, inú àpáta tó ní uranium ló ti ń jáde, ó sì máa ń gba ìpìlẹ̀ ilé wọlé. Òun ló tẹ̀ lé sìgá nínú ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ní Amẹ́ríkà. Ìṣirò EPA, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àyíká, ni pé bí 21,000 èèyàn ló ń pa lọ́dún, bí ó bá sì pa pọ̀ mọ́ sìgá, ewu rẹ̀ á pọ̀ gan-an. Ilé méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn lè yàtọ̀ síra pátápátá, nítorí náà kò sí nọ́ńbà kántì tó lè sọ ti ilé tí ẹ fẹ́ rà fún yín. Ẹ ra ohun èlò àyẹ̀wò rẹ̀, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ó bá fi 4 pCi/L (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka radon inú afẹ́fẹ́) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn, ẹ jẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ ri páìpù tó máa fa gáàsì náà jáde kúrò lábẹ́ ilé. Ní ti ibi tí nọ́ńbà náà ń lọ, ó ń lọ sílẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà bí àwọn èèyàn ṣe ń fi sìgá sílẹ̀, àmọ́ ní ìgbèríko àti ní agbègbè òkè Appalachia, tí ìlà-oòrùn Kentucky jẹ́ ara rẹ̀, kò yára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì máa níṣẹ́ ṣe níbẹ̀.

Kántì kékeré kan ní Texas ni mò ń gbé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, iye jẹjẹrẹ wa kéré sí ti orílẹ̀-èdè. Nígbà tí mo tún padà wò ó, ó ti ga ju ti gbogbo kántì tó yí wa ká lọ. Ti kántì tó múlé gbè wá kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà kankan, àmì ìràwọ̀ lásán ni wọ́n fi síbẹ̀. Kí ni wọ́n ń fi pa mọ́? — Olùkọ́ kan, Texas

Wọn kò fi ohun kankan pa mọ́ fún yín, olùkọ́. Iye èèyàn ló kéré jù. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, ẹ ṣáà mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ. Ní Amẹ́ríkà lápapọ̀, bí 440 nínú 100,000 èèyàn ni jẹjẹrẹ tuntun ń bá lọ́dún. Kántì tó ní 1,000 èèyàn yóò wá rí mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí ẹni méjì péré bá lé e, iye kántì náà á ti kọjá 600, bẹ́ẹ̀ kò sì sí ohun kan tó yí padà nínú omi, ilẹ̀ tàbí oúnjẹ wọn. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe máa ń pa ọdún márùn-ún pọ̀ kí wọ́n tó gbé nọ́ńbà kántì jáde. Síbẹ̀, ní kántì ẹlẹ́gbẹ̀rún èèyàn yẹn, 22 ni à ń retí láàárín ọdún márùn-ún, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 13 tàbí 32 ni a rí, ó lè jẹ́ pé bó ṣe bọ́ sí nìyẹn. 13 máa fún wa ní 260 nínú 100,000. 32 máa fún wa ní 640. Ìpínlẹ̀ yín náà ni Loving County wà, níbi tí ìkànìyàn ọdún 2020 ti rí èèyàn 64 péré, nígbà tí Los Angeles County ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ìlànà kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò fún àwọn méjèèjì.

Àpẹẹrẹ tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fẹ́ràn jù ni ti àwòrán ilẹ̀ tó ṣàfihàn ikú láti ọwọ́ jẹjẹrẹ kíndìnrín ní ọdún 1980 sí 1989. Àwọn kántì tí iye wọn ga jù lọ wà káàkiri àárín orílẹ̀-èdè náà, níbi tí èèyàn kò pọ̀ sí. Gbogbo ẹni tó rí i ló ń wá ìdí: àìsí dókítà nítòsí ni, oògùn oko ni. Ìgbà tí wọ́n wá ya ti àwọn kántì tí iye wọn kéré jù lọ, agbègbè kan náà ni àwọn náà wà.

Àmì ìràwọ̀ yẹn túmọ̀ sí pé àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ kò tó 16. Wọ́n fi ń bo àṣírí àwọn aláìsàn, nítorí ní ìlú kékeré kò ní pẹ́ tí aráàlú á fi mọ ẹni tó jẹ́, wọ́n sì fi ń dènà kí èèyàn gbára lé nọ́ńbà tí kò dúró sójú kan. Ní ti kántì yín, ẹ wo nọ́ńbà méjì tó wà nínú àkámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye náà, ọ̀kan kékeré, ọ̀kan ńlá; àárín wọn ni iye tòótọ́ ti ṣeé ṣe kó wà. Bí iye ti orílẹ̀-èdè bá bọ́ sáàárín méjèèjì, ẹ má jẹ́ kí ó gba oorun lójú yín.

Ẹni ọgọ́ta ọdún ni mí, Prince George's County ní Maryland ni mo sì ń gbé. Jẹjẹrẹ próstéètì pọ̀ níbí ju ti gbogbo orílẹ̀-èdè lọ. Ṣé nítorí pé àgbàlagbà pọ̀ láàárín wa ni, àbí omi wa ló ní ìdọ̀tí? — Bàbá àgbà, Maryland

Ẹ ǹlẹ́ o, bàbá. Kì í ṣe ti ọjọ́ orí, nítorí wọ́n ti yọ ìyẹn kúrò kí nọ́ńbà náà tó dé ọ̀dọ̀ yín: wọ́n máa ń ṣe ìṣirò náà bí ẹni pé ọjọ́ orí àwọn ará kántì kọ̀ọ̀kan rí bí ti gbogbo Amẹ́ríkà ṣe rí ní ọdún 2000. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ni, Sumter County ní Florida, níbi tí ó lé ní ìdajì àwọn èèyàn ibẹ̀ ti kọjá ọdún 65, ni ì bá máa gba ipò kìíní lọ́dọọdún. Ohun tí ìṣirò yìí kò yọ kúrò ni ẹ̀yà àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, jẹjẹrẹ próstéètì ń bá ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ju aláwọ̀ funfun lọ ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, aláwọ̀ dúdú ló sì pọ̀ jù ní kántì yín. Ó dá mi lójú pé ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó dá omi lẹ́bi.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA, tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ próstéètì, náà máa ń gbé nọ́ńbà yìí sókè sódò. Nígbà tí USPSTF, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tó ń dámọ̀ràn lórí àyẹ̀wò àrùn ní Amẹ́ríkà, sọ ní 2012 pé kí wọ́n má ṣe máa ṣe é fún gbogbo ọkùnrin, iye tí wọ́n ń rí lọ sílẹ̀. Láti 2014 ni ó ti tún ń lọ sókè ní bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ní 2018 wọ́n yí ohùn padà, wọ́n ní kí ọkùnrin tó wà láàárín ọdún 55 sí 69 bá dókítà rẹ̀ jíròrò kí ó sì pinnu fúnra rẹ̀. Ẹ wà láàárín ọjọ́ orí yẹn, bàbá, ẹ lọ béèrè. Ẹ sì sọ fún àwọn àbúrò yín pé ẹgbẹ́ American Cancer Society dámọ̀ràn kí aláwọ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò yìí láti ọmọ ọdún 45.

Ìwọ̀n jẹjẹrẹ ọmú ní kántì wa kéré sí ti àwọn tó yí wa ká, ó sì tún lọ sílẹ̀ gan-an ní 2020. Ẹgbẹ́ obìnrin wa fẹ́ ṣe ìdúpẹ́. Ọmọ mi ní kí n kọ́kọ́ bi yín. — Ìyá Ìjọ, Georgia

Ọmọ yín gbọ́n, Mọ́mì. Ọdún 2020 ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àrùn kòrónà ló ti ilé àyẹ̀wò pa fún oṣù díẹ̀, tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò sì lè lọ ya fọ́tò ọmú. Àrùn náà wà lára wọn, kò sẹ́ni tó rí i ni. Àwọn tó ń bójú tó nọ́ńbà wọ̀nyí kò tilẹ̀ lo ọdún yẹn nígbà tí wọ́n ń wo bóyá iye ń gòkè tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀.

Ní ti pé iye yín kéré, ó lè jẹ́ ìròyìn ayọ̀, ó sì lè jẹ́ ìdàkejì. Marin County ní California lówó lọ́wọ́, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì máa ń ṣe àyẹ̀wò déédéé, síbẹ̀ iye jẹjẹrẹ ọmú wọn ga ní 1990 sí 2000 débi pé gbogbo orílẹ̀-èdè ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí àwọn olùwádìí rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà pẹ́ kí wọ́n tó bímọ, wọ́n sì ń lo oògùn họ́mọ̀nù nígbà tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró. Nígbà tí ìwádìí Women's Health Initiative fi ewu oògùn náà hàn ní oṣù Keje 2002, àwọn obìnrin sá fún un, iye jẹjẹrẹ ọmú sì já wálẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Marin náà kò sì gbẹ́yìn. Ìsọ̀kalẹ̀ tó tọ́ sí ìdúpẹ́ nìyẹn. Irú rẹ̀ tún ni ti jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, tó fi ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín 2012 sí 2019 lára àwọn ọ̀dọ́bìnrin ọmọ ogún ọdún sí mẹ́rìnlélógún, àwọn tí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà HPV, kòkòrò àrùn tó ń fa jẹjẹrẹ yìí, kọ́kọ́ kàn.

Ṣùgbọ́n iye lè kéré nítorí pé kò sẹ́ni tó ń wá àrùn náà. Ní Amẹ́ríkà, jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n ń rí lára obìnrin aláwọ̀ dúdú fi díẹ̀ kéré sí ti aláwọ̀ funfun, síbẹ̀ ó ń pa aláwọ̀ dúdú jù wọ́n lọ ní bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ojú ewé kan náà tí ẹ ti ka iye yín ní ibi tí wọ́n kọ iye àwọn tó ń kú sí. Ẹ ṣí i. Bí iye àwọn tí wọ́n ń rí bá kéré, tí iye àwọn tó ń kú kò sì kéré, ẹgbẹ́ obìnrin yín lè fi owó ìdúpẹ́ náà háyà ọkọ̀ tó máa gbé àwọn ìyá lọ ya fọ́tò ọmú.

Ẹni mẹ́rin ló ti ní jẹjẹrẹ ní òpópónà wa láàárín ọdún mẹ́ta. Ta ni ká fi ẹjọ́ sùn? — New Jersey

Ẹ pe ẹ̀ka ìlera ti ìpínlẹ̀ yín, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni àkọsílẹ̀ wà. Mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín pé kì í sábà já sí ohun tí àwọn èèyàn ń retí: nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ 428 tí àwọn onímọ̀ tún gbé yẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà, ẹyọ kan péré ni wọ́n ti rí ohun tó fà á láìsí iyè méjì, ìyẹn eruku asbestos, ohun bí òwú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ tí kì í jóná, tí àwọn òṣìṣẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi fà símú ní Charleston, South Carolina. Jẹjẹrẹ oríṣi kan ṣoṣo, tó ṣọ̀wọ́n, ni tiwọn. Nítorí náà, kí ẹ tó pè wọ́n, ẹ fi ìyọ̀ǹda àwọn aláìsàn kọ irú jẹjẹrẹ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, ọjọ́ orí rẹ̀, ọdún tí wọ́n rí i, iye ọdún tó ti lò ní òpópónà náà, àti iṣẹ́ tó ṣe kó tó débẹ̀. Bí oríṣi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá ni, lára àgbàlagbà mẹ́rin, wọ́n á dá yín lóhùn kíákíá pé kò jọ ohun tí ibì kan náà fà. Bí oríṣi kan náà bá ni, àgàgà lára ọmọdé, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu lásán dá yín padà. Ẹ béèrè ìdáhùn lórí ìwé.