Ẹ Bi Alhaja: Ohùn tí ọmọ mi ń fi ránṣẹ́ láti Manchester

ÌBÉÈRÈ

Àsàláámù aláékùn, Alhaja. Òkèlele ni mò ń gbé, n'Ílọrin níbí. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 22, wà ní Manchester. Ó ń kàwé lọ́sàn-án, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru kó lè rí owó ilé san. Láti bí oṣù mẹ́fà ló ti ń bá àwọn kan jókòó lẹ́yìn ìrun alẹ́, nílé ẹnì kan, kì í ṣe ní mọ́sálásí. Ní báyìí, gbogbo ohùn tó bá fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ Yẹ̀húdì, àwọn Júù, ni: pé àwọn ló ni gbogbo báǹkì ayé, pé ìwé kan wà tí àwọn àgbà wọn kọ nípa bí wọn yóò ṣe máa darí ìjọba. Nígbà tí wọ́n pa èèyàn ní sínágọ́gù, ilé ìjọsìn wọn, níbẹ̀, ó ní kí n má ṣàánú wọn. Ọmọ àǹtí mi tó ń gbé Leeds, ará Òmù-Àrán, Kìrìsìtẹ́nì, pè é wá jẹun, ó kọ̀. Bàbá rẹ̀ ní kí n fi sílẹ̀, pé ọmọdé ló ń ṣe é. Mo sì rò pé àwọn òyìnbó ti pa ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tì. Níbo ni irú èyí ti wá nílùú wọn?

Ìyá Ọlọ́mọ, Òkèlele

ÌDÁHÙN

Wa aláékúmù sàláàm, ìyá wa. Ẹ má fi sílẹ̀ o. Bàbá rẹ̀ kò gbèrò ibi, ṣùgbọ́n ẹni ọdún 22 kì í ṣe ọmọdé, ọ̀rọ̀ tó ń sọ yẹn kì í sì í ṣe tuntun. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo ti fi ẹnu ara mi sọ ọ́ rí.

Ní 1987, mo ń kọ́ni ní ìtàn nílé ẹ̀kọ́ girama kan lápá gúúsù Kwara. Mo ra ìwé pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́ ẹni tó tẹ́ ìwé sílẹ̀ l'Ọ́jà-Ọba lẹ́yìn Jímọ̀. Ìwé náà ní àwọn àgbà Júù ṣèpàdé ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì kọ bí wọn yóò ṣe gba ayé mọ́ aráyé lọ́wọ́. Òru kan ni mo fi kà á tán. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo kà nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Ọmọ 38 ló dorí kodò tó ń kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ará Òró, rí i nínú ìwé ọmọ kan. Kò bá mi jà. Ó kàn bi mí léèrè pé: ta ló kọ ọ́? Ọdún wo? Níbo? Ìbéèrè mẹ́ta tí èmi fúnra mi ń kọ́ àwọn ọmọ láti máa bi gbogbo ìwé ìtàn, n kò bi èyí léyìí kankan nínú wọn. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́ta kí n tó rí ìdáhùn. Ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, nínú ìwé ìròyìn kan ní St Petersburg, ní 1903. Ní 1921, ìwé ìròyìn The Times ti London gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé mìíràn tí ará Faransé kan kọ ní 1864 láti fi bú Napoleon Kẹta, ọba wọn. Ibi púpọ̀ ló bára mu, gbólóhùn sí gbólóhùn. Ìwé ará Faransé yẹn kò dárúkọ Júù rárá. Ẹni tó jí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ ló gbé e sí àwọn Júù lẹ́nu. Henry Ford tó ń ṣe mọ́tò náà tan irọ́ yìí kálẹ̀ l'Amẹ́ríkà nínú ìwé ìròyìn tirẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì ní 1927.

Àwọn àgbà wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ọdún 18 ni òtítọ́ fi bá èyí, irọ́ náà kò sì kú. Mo padà sí kíláàsì, mo ní kí wọ́n fa ìlà gba orí gbogbo rẹ̀, mo sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣì wọ́n lọ́nà. Ṣùgbọ́n mẹ́rin nínú wọn ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀rọ̀ mi ti bá wọn lọ. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ẹ ní àwọn òyìnbó ti pa ẹ̀sìn tì. Òótọ́ wà níbẹ̀: nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní England àti Wales ní 2021, àwọn tó pe ara wọn ní Kìrìsìtẹ́nì kò tó ìdajì mọ́. Ṣùgbọ́n ìkórìíra yìí kì í bá ẹ̀sìn lọ, aṣọ ló ń pààrọ̀. Ní Norwich, lẹ́yìn tí ọmọdékùnrin kan kú ní 1144, wọ́n ní àwọn Júù ló pa á ṣètùtù. Irú irọ́ yẹn ràn ká Yúróòpù. Ní 1290, ọba Edward Kìíní lé gbogbo Júù kúrò ní England. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù wá ń sọ pé àwọn ti ju ìgbàgbọ́ lọ, wọn kò sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn mọ́, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ àwọn Júù ni kò dára. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn ni Hitler gùn lé tó fi pa mílíọ̀nù 6. Aṣọ tòní ni pé ohun yòówù tí ìjọba Israel bá ṣe, Júù tó ń ta búrẹ́dì ní Manchester ni yóò jíyìn rẹ̀.

Ọkàn ọmọ yín gbọgbẹ́. Ó ń rí òkú àwọn ọmọ Gaza lórí fóònù rẹ̀. Èmi náà ń rí wọn, mo sì ń sunkún. Ẹ má sọ fún un pé kó má bínú. Ẹni tó bá bu ẹnu àtẹ́ lu ìjọba Israel kò tíì kórìíra Júù. Àwọn Júù wà tó ń wọ́de nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin méjì tó kú ní sínágọ́gù Heaton Park ní Manchester ní oṣù Kẹwàá 2025, ọjọ́ ààwẹ̀ wọn tí à ń pè ní Yom Kippur ni. Àdúrà ni wọ́n lọ ṣe.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ báǹkì. Oúnjẹ Leeds yẹn ni. Bí àwọn agbawèrèmẹ́sìn ṣe ń ṣe nìyẹn: wọn yóò kọ́kọ́ gba Júù lọ́wọ́ ọmọ, tí kò mọ̀ rí, kí ó má dùn ún. Lẹ́yìn náà Kìrìsìtẹ́nì, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹbí. Lẹ́yìn náà Mùsùlùmí tí kò bá kírun bíi tiwọn. Ìyá ló kù. Ẹ ka Súrà Máídà fún un, ẹsẹ 5: oúnjẹ àwọn tí a fún ní ìwé jẹ́ ẹ̀tọ́ fún wa, Yẹ̀húdì sì wà nínú wọn. Àní orúkọ súrà yẹn gan-an, tábìlì oúnjẹ ni. Kí ẹ wá ka ẹsẹ 8, pé kí ìkórìíra àwọn kan má mú wa kọ ìdọ́gba sílẹ̀. Ẹ sọ fún un pé Bukhari, tó kó àwọn hádíìsì jọ, gbà á wá pé wọ́n gbé òkú kan kọjá, Ànábì dìde dúró. Wọ́n ní Yẹ̀húdì ni. Ó ní, ṣé kì í ṣe ẹ̀mí ni?

Ọ̀rọ̀ Halle náà wà, ní Jámánì, 2019. Aláwọ̀ funfun kan gbé ìbọn lọ sí sínágọ́gù ní Yom Kippur. Ilẹ̀kùn kò ṣí fún un. Ó pa obìnrin kan tó ń kọjá lọ, ó sì kọrí sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kebab, torí ó rò pé àwọn Mùsùlùmí ni yóò bá níbẹ̀. Ó pa ọkùnrin kan níbẹ̀. Irú ẹni tí ọmọ yín ń yá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ nìyẹn: bó bá ti kúrò lórí Júù, ọmọ yín ló kàn.

A kò jìnnà sí i nílé níbí. Ní 2021, nígbà tí ọ̀ràn híjáàbù mú kí ìjọba ti ilé ẹ̀kọ́ 10 pa n'Ílọrin, mo gbọ́ tí àwọn tí mo bọ̀wọ̀ fún ń pe aládùúgbò wọn ní "àwọn yẹn".

Ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Ẹ má dákẹ́ lórí WhatsApp, ẹ má sì bú u. Ẹ pè é, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta ará Òró yẹn lórí gbogbo ohun tó bá fi ránṣẹ́. Ẹ bi í pé ta ló ni ilé tí wọ́n ń jókòó sí, kí ló dé tí kì í ṣe mọ́sálásí. Kí ọmọ àǹtí yín ti Leeds má jẹ́ kó sú òun. Kó gbé oúnjẹ náà lọ bá a. Ẹ wá ìmáàmù mọ́sálásí tó ń lọ tẹ́lẹ̀ kàn. Bó bá sì fi ẹnu kan pé òun fẹ́ ṣe èèyàn léṣe, alẹ́ ọjọ́ yẹn ni kí ẹ ní kí ará Leeds sọ fún ọlọ́pàá, kí ẹ má dúró de bàbá rẹ̀.

Ẹ sọ ìtàn Lassana Bathily fún un pẹ̀lú, ọmọ Mali, Mùsùlùmí bíi tiwa. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn Júù ní Paris ní oṣù Kìíní 2015 nígbà tí agbébọn wọlé tó pa Júù mẹ́rin. Bathily kó àwọn oníbàárà sínú yàrá yìnyín nísàlẹ̀, ó pa ẹ̀rọ òtútù náà, ó pa iná.

Bó bá wálé fún Iléyá, ẹ mú un wá sọ́dọ̀ mi ní Adéwọlé. Ẹ̀dà ohun tí The Times tẹ̀ jáde ní 1921 ṣì wà lọ́wọ́ mi, èmi àti rẹ̀ yóò jọ kà á.