Pàràkòyí kì í ṣe oyè olówó lásán

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí pé kí ni iṣẹ́ Pàràkòyí nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ó ní níbi ìwúyè kan l'Ábẹ́òkúta, olùdarí ètò ní oyè tí wọ́n fi ń dá olówó lọ́lá ni. Ó dùn mí gan-an. Àwọn àgbà tó jókòó síbẹ̀ ńkọ́? Ṣé àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa ni?

Nínú ẹgbẹ́ àwọn olóyè, Ẹ̀gbá ní Ògbóni, ó ní Olórógun tí í ṣe àwọn olóyè ogun, ó ní Ọdẹ. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Pàràkòyí ni ìgbìmọ̀ àwọn oníṣòwò. Ọ̀rọ̀ ọjà àti aáwọ̀ láàárín oníṣòwò, iwájú wọn ló ń wá.

Lójú tèmi, iṣẹ́ Pàràkòyí gan-an ni OPEC, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta epo rọ̀bì, ń ṣe. Iran, Iraq, Kuwait, Saudi Arabia àti Venezuela ló dá a sílẹ̀ ní Baghdad ní 1960. Nàìjíríà wọlé ní 1971. Ẹ lè ní epo rọ̀bì títí, ìyẹn nìkan kò ní kí wọ́n gbà yín wọlé. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí olùdásílẹ̀ márààrún sì wà lára wọn. Bí ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn márùn-ún yìí bá ní rárá, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Iye epo tí oníkálùkù yóò máa wà jáde ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2023, OPEC ní kí Angola, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ nígbà náà, má wà ju àgbá 1,110,000 lọ lójúmọ́. Angola ní 1,180,000 lòun fẹ́. Kò pé oṣù kan tó fi kéde pé òun ń lọ, nígbà tó sì di oṣù Kìíní 2024, ó ti jáde. Nàìjíríà ní tirẹ̀ dúró dúnàádúrà, ìpín rẹ̀ sì kúrò ní 1,380,000, ó di 1,500,000.

Àwọn ọmọ wa ń ka èyí lórí fóònù bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àjèjì ni. Ta ló sọ fún wọn pé àwọn olóyè Ẹ̀gbá ti ọ̀nà Èkó pa ní 1892? Epo pupa dúró, ekùrọ́ dúró, àwọn oníṣòwò Èkó figbe ta. Ká jọ tì í, kí ẹnikẹ́ni má yọ́ tà lóru: ohun tí OPEC ń bẹ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ fún títí dòní nìyẹn.

Carter, òyìnbó tó jẹ́ gómìnà Èkó nígbà náà, mọ bí ọ̀nà títì ṣe lágbára tó. Nígbà tó wá bá Ẹ̀gbá ṣàdéhùn ní oṣù Kìíní 1893, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé wọn ò gbọdọ̀ ti ọ̀nà kankan mọ́ láìjẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí i. Òun náà ṣèlérí pé òyìnbó ò ní fọwọ́ kan òmìnira Ẹ̀gbá níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá pa àdéhùn náà mọ́. Ọdún 1914 ni òmìnira ọ̀hún pin.