Abẹ́rẹ́ Oṣù Mẹ́ta

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Apòògùn. Bàbá mi ní jẹjẹrẹ próstéètì. Abẹ́rẹ́ Lupron Depot kan ṣoṣo ni wọ́n ń gún fún wọn lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Báwo ló ṣe jẹ́ tí kì í tètè tán? Wọ́n ní ike wà nínú rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí. — Ìyá Bọ́lá, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyá Bọ́lá, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Mo ti fọwọ́ ara mi po abẹ́rẹ́ yìí. Ìyẹ̀fun funfun ni. Bí omi rẹ̀ bá ti dà sí i, á funfun bíi mílíìkì. Àwọn hóró wínníwínní ló wà nínú omi yẹn, oògùn sì wà nínú hóró kọ̀ọ̀kan.

Ike ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe irú ọ̀rá omi. Ásíìdì láktíìkì, èyí tó ń mú kí ògì kan, ni wọ́n so pọ̀ bí ẹ̀wọ̀n gígùn. Omi ara bàbá á wọnú hóró lọ, á máa já ẹ̀wọ̀n náà díẹ̀díẹ̀, oògùn á sì máa jò jáde. Ásíìdì tó bá já, ara á sọ ọ́ di omi àti èémí tí wọ́n ń mí síta.

Abẹ́rẹ́ yìí kan náà, ti oṣù kan, tún ní ásíìdì mìíràn, glikólíìkì, nínú ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Ìyẹn máa ń fa omi mọ́ra, ló ṣe ń tètè já.

Ẹ jọ̀ọ́, wọn ò gbọdọ̀ pín ti oṣù mẹ́ta sí ọ̀nà mẹ́ta nítorí owó. Bí wọ́n bá ti pò ó, tí wákàtí méjì kọjá láìgún un, dídànù ni.